Lẹ́tà sí Bísọ́lá ní Calgary, Kánádà

Akọ́ka, Yábàá,
Èkó.
Oṣù Kẹwàá.

Bísọ́lá, ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

O kú òtútù o. Òjò ò tíì fi wá sílẹ̀ níbí, ṣùgbọ́n ara gbogbo wa le.

Mo rí ìbéèrè rẹ. O ní bí o bá fi òòyà gbígbóná na irun rẹ níbẹ̀, ó máa ń wà gbọọrọ fún ọjọ́ pípẹ́, bẹ́ẹ̀ sì rèé, nígbà tí o wà ní Èkó, kí o tó kọjá Ojúẹlẹ́gba ni yóò ti sún kì. O rò pé ìpara òyìnbó ló fà á. Ìpara kọ́, afẹ́fẹ́ ni. Jẹ́ kí n ṣe tíṣà fún ọ díẹ̀. O ṣáà mọ̀ pé kẹ́mísìrì ni mo fi ń jẹun.

Kẹ́rátínì ni irun wa, purotéènì gígùn tẹ́ẹ́rẹ́ tí fọ́nrán rẹ̀ tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Oríṣi ìsopọ̀ méjì ni kí o fi sọ́kàn. Ti imí-ọjọ́ ni èkíní: átọ́ọ̀mù imí-ọjọ́ kan lára fọ́nrán yìí, òmíràn lára fọ́nrán kejì, àwọn méjèèjì sì jọ ní ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù pọ̀. Ìyẹn yi, kì í ṣe ohun tí a ń fọwọ́ tú. Ti háídírójìn ni èkejì. Háídírójìn fọ́nrán kan ní agbára iná pọ́sítíìfù díẹ̀, ọ́síjìn ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ní nẹ́gẹ́tíìfù díẹ̀, wọ́n á wá fà mọ́ra wọn, láìjọ ní ohunkóhun pọ̀. Rántí èrò mẹ́rin tí wọ́n há mọ́ ìjókòó kan nínú dáńfó láti Yábàá lọ sí Ọ̀bàléndé: èjìká kan èjìká, itan kan itan, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó bá ẹnìkejì dá owó pọ̀. Ẹni tó bá dé ibi tó ń lọ á pariwo “ó wà o”, á sì bọ́lẹ̀. Nínú omi, láti já háídírójìn kúrò lára ọ́síjìn tirẹ̀ gan-an, ó ń gba agbára tó tó kílójúùlù 460 lórí móòlù kan, ìyẹn òṣùwọ̀n tí a fi ń ka mólékù. Láti tú mólékù omi kan kúrò lára èyí tó fara tì, bí 20 ti tó.

Ti háídírójìn yìí ni òòyà gbígbóná ń tú. O na irun náà, bó sì ṣe ń tutù ni àwọn ìsopọ̀ tuntun ń dì í mú níbi tí o nà án dé. Àmọ́ omi náà ní háídírójìn àti ọ́síjìn tirẹ̀. Mólékù rẹ̀ kéré, ó ń yọ́ wọ inú irun, ó ń gba ipò lọ́wọ́ àwọn tó di ara wọn mú, irun á sì padà sí bí imí-ọjọ́ ṣe fẹ́ kó rí. Kò dìgbà tí òjò bá pa ọ́. Wo etí irun rẹ níwájú orí nígbà tí òógùn bá bò ọ́ nínú ọjà Tejúoṣó: ibẹ̀ ló kọ́kọ́ ń ká. Oru omi tó ń ti orí ọ̀sà wá náà ò gbẹ́yìn. Ní ọ̀dọ̀ yín ńkọ́? Afẹ́fẹ́ tútù kì í gbé omi púpọ̀, ẹ tún wá ń fi ẹ̀rọ mú inú ilé gbóná. Kí ni yóò tú irun náà?

Rìlásà ní tirẹ̀, ìsopọ̀ imí-ọjọ́ gan-an ló ń já, ìdí nìyẹn tí òjò ò fi lè dá a padà, àfi kí irun tuntun hù láti ìdí. Èmi ò fẹ́ràn ohun tó ń bó àtàrí èèyàn, o mọ̀ mí.

Ohun tó ń bí mi nínú ni pé ìwé tí a fi ń kọ́ àwọn ọmọ fi ojú ewé rẹpẹtẹ sọ nípa ìsopọ̀ tó yi, ó wá fi ìlà mélòó kan lé àwọn yòókù lọ, ó ní aláìlágbára ni wọ́n. Mo ní kí wọ́n gbójú sókè wo ọmọ́ńlé tó lẹ̀ mọ́ àjà kíláàsì. Kò sí gọ́ọ̀mù lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Irun wínníwínní tí ojú lásán ò lè rí ló kún àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀, orí ọ̀kọ̀ọ̀kan tún pín yẹ́lẹyẹ̀lẹ, wọ́n sì ń sún mọ́ ògiri débi pé ìfàmọ́ra van der Waals ń mú wọn. Ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù kì í dúró sójú kan. Bí tinú átọ́ọ̀mù kan bá ṣẹ́rí sí apá kan, ti aládùúgbò rẹ̀ á yí tẹ̀ lé e, wọ́n á sì fà mọ́ra. Ẹyọ kan ò já mọ́ nǹkan kan, àpapọ̀ wọn ló gbé ẹran náà dúró. Ní 2002 ni Kellar Autumn àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà fi ìdánwò fìdí èyí múlẹ̀. Bí ọmọ́ńlé bá fẹ́ sáré, á kàn yí igun ẹsẹ̀ padà, ẹsẹ̀ á sì ṣí.

Káyọ̀dé, àbúrò rẹ, yà sọ́dọ̀ mi lọ́jọ́ tó ń ti ilé ìwòsàn ní Ìdí-Àràbà bọ̀, níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú àìsàn SS rẹ̀, ó ń ráhùn pé “mumi, mumi” ni wọ́n ń sọ fún òun ṣáá. Mo ya hẹmoglóbìn, purotéènì tó ń gbé ọ́síjìn nínú ẹ̀jẹ̀, fún un sẹ́yìn ìwé kan. Ní ipò kẹfà lórí fọ́nrán bétà, ẹni tó jẹ́ AA ní glutamic acid, ọ̀kan nínú àwọn ègé tí a fi ń to purotéènì, tó ní agbára iná nẹ́gẹ́tíìfù, tí òun àti omi sì rẹ́. Ti SS, ègé mìíràn, valine, ló wà níbẹ̀, ó dà bí ọ̀rá, ó ń sá fún omi. Ìyàtọ̀ náà ò ju ìyẹn lọ. Linus Pauling, onímọ̀ kẹ́mísìrì, àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti fi hàn ní 1949 pé hẹmoglóbìn yẹn yàtọ̀. Vernon Ingram ló tọ́ka sí ojú ibẹ̀ gan-an ní 1957. Tí hẹmoglóbìn bá ti já ọ́síjìn sílẹ̀, ìrísí rẹ̀ ń yí padà, kòtò kékeré kan tí kò fẹ́ omi á ṣí lára rẹ̀, valine ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ á sì sá wọ ibẹ̀. Òmíràn á tún wọ ti òmíràn, wọ́n á di ọ̀pá gígùn, ọ̀pá náà á tẹ sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ pupa kọ́lọkọ̀lọ bíi dòjé. Bó bá dé ẹ̀dọ̀fóró tó gba ọ́síjìn, ọ̀pá á tú. Ṣùgbọ́n èyí tó bá ti tẹ̀ léraléra kì í nà mọ́.

Omi wá ńkọ́? Bí omi bá dín nínú ara, ó ń dín nínú sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ pupa náà, hẹmoglóbìn á há mọ́ra, ọ̀pá á sì yára so ju ti tẹ́lẹ̀ lọ fíìfíì. “Àǹtí,” ni Káyọ̀dé wí, “kí ló dé tí ẹnikẹ́ni ò sọ ọ́ báyìí fún mi láti ọjọ́ yìí?” Mi ò mọ èsì tí mo lè fún un.

Ó ní kí n bá òun bẹ̀ ọ́ fún sọ́kísì tó nípọn, nítorí ọyẹ́ ń bọ̀, òtútù sì máa ń dá egungun rẹ̀ lóró. Bí o bá rí ẹni tó ń bọ̀ wálé ní Kérésìmesì, fi rán an, kó má ju mẹ́ta lọ, ẹrù ń wọ́n. Bá mi kí ọkọ rẹ àtàwọn ọmọ.

Èmi ni,
Fọláṣadé