Ẹ má fojú ọmọdé wo ìtàn adẹ́rùbani

Sí Olóòtú,

Mo kí yín, mo sì kí gbogbo ẹ̀yin tí ẹ ń bójú tó ojú ewé ìwé kíkà. Ọ̀rọ̀ kan tí mo máa ń gbọ́ lẹ́nu àwọn tó fẹ́ràn ìwé ló mú mi gbé kálàmù, pé ìtàn àròsọ òde òní, èyí tó dá lórí ìgbéyàwó, ẹbí àti wàhálà ayé, ni iṣẹ́ ọnà gidi, pé ìtàn adẹ́rùbani kò ju ohun tí àwọn ọ̀dọ́ fi ń pa àkókò lọ. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ka oríṣi méjèèjì, mo sì fẹ́ sọ bí wọ́n ṣe rí lára mi, nítorí ó dá mi lójú pé ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí Frankenstein, tí Mary Shelley tẹ̀ jáde ní ọdún 1818 láìfi orúkọ ara rẹ̀ sí i. Ọmọ ọdún 18 ni nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́. Kí n tó kà á, èrò mi ni pé Frankenstein lorúkọ abàmì ẹ̀dá inú rẹ̀. Àṣé orúkọ ẹni tó dá a ni, ẹ̀dá náà fúnra rẹ̀ kò tilẹ̀ lórúkọ. Ibi tó dùn mí jù ni ìgbà tó sá pamọ́ sínú àhéré kan tó fara ti ilé ìdílé De Lacey, tó ń yọjú wò wọ́n láti ihò ara ògiri, tó ti ibẹ̀ kọ́ ọ̀rọ̀ sísọ, tó sì ń lọ ṣẹ́gi fún wọn lóru láìjẹ́ kí wọ́n mọ ẹni tó ṣe é. Lọ́jọ́ tó ṣọkàn gírí láti wọlé tọ̀ wọ́n, bàbá afọ́jú nìkan ló bá nílé, bàbá náà sì bá a sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bá ènìyàn sọ̀rọ̀. Kò pẹ́ tí àwọn ọmọ fi dé, ni Felix bá fi igi lù ú. Mo pa ìwé náà dé. Ẹ̀rù kọ́ ló bà mí. Àánú ṣe mí, ojú sì tì mí, nítorí mo mọ̀ pé ká ní mo wà nínú ilé yẹn, tí ojú mi sì là, èmi náà ì bá mú igi.

Dracula tí Bram Stoker kọ, tó jáde ní 1897, kò wọ̀ mí lára tó bẹ́ẹ̀. Ibi tí Jonathan Harker ti ń fá irùngbọ̀n, tí ọwọ́ bà á léjìká, tó sì wo inú dígí láìrí ẹnikẹ́ni lẹ́yìn ara rẹ̀, dára púpọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìtàn náà di ọ̀rọ̀ kí wọ́n máa lé òkú amùjẹ̀ kiri, ó gùn jù fún mi.

Ìwé tó lé oorun lójú mi ni The Haunting of Hill House, tí Shirley Jackson tẹ̀ jáde ní 1959. Eleanor, ẹni tí ìtàn náà dá lé lórí, ti fi ọdún 11 tọ́jú ìyá rẹ̀ tó ń ṣàìsàn, kò sì ní ẹnì kankan tó lè pè ní ti ara rẹ̀ nígbà tó gba ìwé ìpè láti wá gbé nínú ilé kan tí wọ́n ní iwin wà níbẹ̀. Lóru ọjọ́ kan, ó ń gbọ́ ohùn ọmọdé tó ń sunkún nínú òkùnkùn, ó sì di ọwọ́ Theodora, tí wọ́n jọ ń sùn nínú yàrá kan náà, mú pinpin, débi pé ó ń mọ eegun ìka rẹ̀ lára. Nígbà tó fi igbe ta tí iná sì tàn, Theodora wà lórí bẹ́ẹ̀dì tirẹ̀ lọ́hùn-ún, oorun ṣì wà lójú rẹ̀. Jackson kò sọ fún wa ẹni tó ni ọwọ́ náà. Mo ti ronú lórí ojú ìwé yẹn gan-an, ohun tí mo sì rí ni pé ọdún 11 tí Eleanor lò láìsí alábàárò ló fún ẹ̀rù náà lágbára. Ẹni tó ní ọ̀pọ̀ ọwọ́ láti dì mú kò ní di èyí tí kò mọ olúwa rẹ̀ mú.

Bákan náà ni Pet Sematary, tí Stephen King tẹ̀ jáde ní 1983. Àwa tí a ní orúkọ fún akúdàáyà yóò tètè mọ ohun tó ń sọ. Dókítà kan tó ń jẹ́ Louis Creed sin ológbò ọmọ rẹ̀ sí ilẹ̀ kan tó ń jí òkú, ológbò náà sì padà wá pẹ̀lú òórùn ibojì lára àti ìwà tí kò jọ ti tẹ́lẹ̀. Nígbà tó yá, ọkọ̀ ńlá pa ọmọkùnrin rẹ̀ kékeré lójú títì. Louis ti rí bí ológbò ṣe padà wá. Ó mọ̀, síbẹ̀ ó hú òkú ọmọ náà, ó gbé e lé èjìká, ó sì ń lọ. Mo ń bẹ̀ ẹ́ sókè pé kó má ṣe é, bẹ́ẹ̀ ni mo mọ̀ nínú ọkàn mi pé n kò lè fi dá òbí kankan lẹ́jọ́.

Wàyí o, kí ni ká ti pe Beloved, ìwé tí Toni Morrison kọ? Ó jáde ní 1987, ó gba ẹ̀bùn Pulitzer ní 1988, kò sì sẹ́ni tó ń pe Toni Morrison ní òǹkọ̀wé ìtàn adẹ́rùbani. Síbẹ̀, ẹ̀mí ọmọ ọwọ́ tí inú ń bí ló ń da ilé inú ìtàn náà rú, ìyá tó bí i ló sì pa á, kí wọ́n má baà dá a padà sí oko ẹrú. Inú bí mi sí Sethe, ìyá náà, nígbà àkọ́kọ́ tí mo kà á. Nígbà kejì, àwọn tó mú un débẹ̀ nìkan ni inú mi ń bí sí. Never Let Me Go tí Kazuo Ishiguro tẹ̀ jáde ní 2005 kò ní iwin kankan ní tirẹ̀. Kathy kàn ń fi ohùn jẹ́jẹ́ ròyìn ilé ìwé wọn àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni, títí tí ó fi yé wa pé torí kí wọ́n lè yọ ẹ̀yà ara wọn fún ẹlòmíràn ni wọ́n ṣe tọ́ wọn dàgbà. Mo ń retí pé ẹnì kan nínú wọn yóò sá. Wọn ò sá. Ìyẹn bà mí lẹ́rù ju Dracula lọ. Ní ti My Sister, the Serial Killer tí Oyinkan Braithwaite tẹ̀ jáde ní 2018, ọjọ́ kan péré ni mo fi kà á tán, ó sì yà mí lẹ́nu bí mo ṣe ń gbàdúrà kí ọwọ́ má tẹ Korede, nọ́ọ̀sì tó ń bá àbúrò rẹ̀ nu ẹ̀jẹ̀ àwọn tó pa.

N kò sọ pé gbogbo ìtàn adẹ́rùbani ló dára. Mo ti ka èyí tí òkú pọ̀ nínú rẹ̀ débi pé n kò rántí orúkọ ẹyọ kan nínú wọn, mo sì ti ka ìtàn òde òní tí tọkọtaya ti ń bára wọn jà láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin láìsí èyí tí mo káàánú. Àìsàn kan náà ló ń ṣe àwọn méjèèjì: òǹkọ̀wé kò jẹ́ ká fẹ́ràn ẹnikẹ́ni kí ó tó fi í sínú ewu.

Nítorí náà, Olóòtú, mo bẹ̀ yín, nígbà tí irú ìwé bẹ́ẹ̀ bá tún dé orí tábìlì yín, ẹ fún ẹni tó mọ̀ ọ́n kà kó yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa, kó má kàn kà bóyá ó bani lẹ́rù tàbí kò bani lẹ́rù, kó tún sọ fún wa ẹni tí àwọn ẹ̀dá inú rẹ̀ ń ṣọ̀fọ̀ àti ohun tí wọn kò fẹ́ kó bọ́ lọ́wọ́ wọn. Mo tún ka ojú ìwé Eleanor yẹn lálẹ́ àná kí n tó jókòó kọ lẹ́tà yìí, ọwọ́ mi méjèèjì sì wà lábẹ́ aṣọ ìbora títí ilẹ̀ fi mọ́.

Èmi ni,
Òǹkàwé yín