Lẹ́tà sí ọmọ mi tó ń kọ́ ìwakọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì

Àbẹ̀kẹ́ ọmọ mi,

Mo rí àtẹ̀jíṣẹ́ rẹ pé o ti parí ìdajì ẹ̀kọ́ ìwakọ̀ náà láàárín ọjọ́ méjì. Inú mi dùn pé o bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ọjọ́ méjì tí o wí yẹn kò jẹ́ kí n sùn dáadáa. Mo mọ bí ẹ̀kọ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì ṣe máa ń rí: fídíò á máa sọ̀rọ̀ lọ́tọ̀, ẹni tó yẹ kó gbọ́ ọ á máa ṣe nǹkan mìíràn lọ́tọ̀, bí ìbéèrè bá sì dé, á máa yan ìdáhùn títí yóò fi bọ́ sí èyí tó tọ̀nà. Bẹ́ẹ̀ ni ènìyàn ṣe ń gba ìwé ẹ̀rí ohun tí kò mọ̀. Mi ò sọ pé ohun tí o ṣe nìyẹn. Ẹ̀bẹ̀ tí mò ń bẹ̀ ọ́ ni pé kí o padà sí ẹ̀kọ́ kìn-ín-ní, kí o sì tún gbogbo rẹ̀ kọ́ bí ẹni tó mọ̀ pé ẹ̀mí ènìyàn wà nínú rẹ̀.

Mi ò sọ ìtàn yìí fún ọ rí. Nígbà tí mo kọ́ ọkọ̀ wíwà, ẹni tó kọ́ mi kò kọ́ mi ju bí a ṣe ń ki gíá, bí a ṣe ń yí sítíárìn àti bí a ṣe ń tẹ bíréèkì lọ. Kò sí ẹni tó sọ fún mi pé ó yẹ kí àlàfo wà láàárín èmi àti ọkọ̀ tó wà níwájú mi. Lọ́jọ́ kan tí òjò ń rọ̀, mo sún mọ́ ìdí ọkọ̀ kan pẹ́kípẹ́kí. Awakọ̀ náà tẹ bíréèkì lójijì, èmi náà tẹ tèmi, ṣùgbọ́n ọkọ̀ kò dúró. Ńṣe ló ń yọ̀ lọ lórí omi títí ó fi kọlu tiwájú. Àbúrò mi, àǹtí rẹ, jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi láìde bẹ́líìtì, iwájú orí rẹ̀ sì lọ gbá dáṣíbọ́ọ̀dù. Àpá tí o máa ń bi í léèrè láti kékeré, ibẹ̀ ló ti wá. Ohun tó ń dùn mí títí dòní ni pé ohun tí mi ò mọ̀ lọ́jọ́ náà kò ju ohun tí ènìyàn lè kọ́ ní ìrọ̀lẹ́ kan ṣoṣo.

Nítorí náà, bí o bá dé ẹ̀kọ́ tó dá lórí eré àti ìdúró ọkọ̀, má sáré kọjá rẹ̀. Mú bébà, kí o fi ọwọ́ ara rẹ ṣe ìṣirò rẹ̀. Ọkọ̀ tó ń sá eré 60 kìlómítà ní wákàtí kan ń lọ nǹkan bí mítà 17 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan péré. Kí ojú tó rí ewu, kí ọkàn tó mọ̀ pé ewu ni, kí ẹsẹ̀ tó dé orí bíréèkì, ìṣẹ́jú-àáyá kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ti kọjá, eré ọkọ̀ náà kò sì tíì dín rárá. Ẹ̀yìn èyí ni bíréèkì ṣẹ̀ṣẹ̀ máa bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tirẹ̀, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣì í rò: wọ́n gbà pé bí eré bá di ìlọ́po méjì, ìrìn tí ọkọ̀ máa rìn lórí bíréèkì kó tó dúró yóò di ìlọ́po méjì, bẹ́ẹ̀ ìlọ́po mẹ́rin ló ń dà. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń kọ́ awakọ̀ tuntun pé kó wo ohun kan tó dúró lẹ́bàá ọ̀nà, bí òpó iná, kó sì rí i pé láti ìgbà tí ọkọ̀ iwájú bá ti kọjá òpó náà, ó kéré tán ìṣẹ́jú-àáyá méjì yóò kọjá kí tirẹ̀ tó dé ibẹ̀. Bí òjò bá ń rọ̀, kó sọ ọ́ di mẹ́rin. Ká ní mo mọ mẹ́rin yìí ni, iwájú orí àǹtí rẹ kì bá tí lápàá.

O bi mí lọ́jọ́sí pé kí ni a tún ń fi bẹ́líìtì ṣe nígbà tí ọkọ̀ ti ní àpò afẹ́fẹ́, èyí tó máa ń wú jáde níwájú ènìyàn bí ọkọ̀ bá kọlu nǹkan. Bẹ́líìtì ló ń mú ara dúró síbi tí àpò náà ti lè gbà á. Agbára tí àpò náà fi ń ṣí pọ̀, ó sì ń ṣí kí ojú tó ṣẹ́, débi pé ẹni tí kò de bẹ́líìtì, tí ara rẹ̀ ti fò síwájú, lè pàdé rẹ̀ níbi tó ti ń ṣí, kó sì ṣe é léṣe. Àwọn méjèèjì jọ ń ṣiṣẹ́ ni. Ọ̀kan kò dípò èkejì.

Ti fóònù, mi ò ní fà á gùn. Bí ọkọ̀ bá ń sá 90 kìlómítà ní wákàtí, tí awakọ̀ fi ìṣẹ́jú-àáyá márùn-ún ka àtẹ̀jíṣẹ́, ó ti rin mítà 125 láìwo ọ̀nà, èyí sì gùn ju pápá bọ́ọ̀lù lọ. Ìjókòó ẹ̀yìn ni kí fóònù rẹ máa wà. Bí mo bá pè ọ́ tí o ò gbé e, n ó gbà pé o ń wakọ̀, mi ò sì ní bínú.

Jọ̀wọ́, má rò pé ìbẹ̀rù ìyá lásán ni. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé nǹkan bí mílíọ̀nù 1.19 ènìyàn ni ìjàm̀bá ọ̀nà ń pa lọ́dọọdún, àti pé òun ló ń pa àwọn tí ọjọ́ orí wọn wà láàárín ọdún 5 sí 29 jù lọ. Ìwọ àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ wà láàárín ọjọ́ orí yẹn. Fún ìdí yìí, ní oṣù bíi mélòó kan àkọ́kọ́, mi ò fẹ́ kí o kó àwọn ọ̀rẹ́ sínú ọkọ̀, nítorí ariwo àti ẹ̀rín ẹlẹgbẹ́ máa ń gba ọkàn awakọ̀ tuntun kúrò lójú ọ̀nà.

Ohun kan wà tí ẹ̀kọ́ yìí kò lè ṣe fún ọ, bí o tilẹ̀ gba gbogbo máàkì. Fídíò kò lè kọ́ ẹsẹ̀ rẹ bí bíréèkì ṣe ń le tó, kò sì lè mú kó mọ́ ọrùn rẹ lára láti yíjú wo ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ tí dígí kò lè fi hàn ọ́ kí o tó yà. Ara ló ń kọ́ ìyẹn, díẹ̀díẹ̀, pẹ̀lú àgbà kan lẹ́gbẹ̀ẹ́. Mo ti pinnu pé, bí o bá ti parí ẹ̀kọ́ kan, a ó jọ lọ sí ibi tó tẹ́jú tí kò sí ọkọ̀, kí o sọ ohun tí o kọ́ fún mi, kí o sì ṣe é lójú mi.

Kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ wà lọ́wọ́ mi. Mú bébà ìṣirò rẹ dání láàárọ̀ Sátidé. Orí bíréèkì ni a ó ti bẹ̀rẹ̀.

Èmi ni ìyá rẹ tó fẹ́ràn rẹ.