Korn Ferry Tour: ẹ jẹ́ ká máa wo àwọn náà
Ẹ̀yin ará gúrúùpù, ẹ kú ojúmọ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, ká má wo PGA Tour, ìdíje gọ́ọ̀fù tó ga jù ní Amẹ́ríkà, nìkan, Korn Ferry Tour tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ gan-an lojú ti ń pọ́n àwọn tó ń gbá gọ́ọ̀fù, torí láti 2025 ẹni 20 péré ló ń gba káàdì PGA Tour (ìyẹn àyè láti máa gbá ní PGA Tour) níbẹ̀ tí síísìn bá parí, 30 ni tẹ́lẹ̀, ẹni tó ṣe ipò 21 ò rí káàdì yẹn gbà, ó máa ń dùn mí fún wọn gan-an. Àmọ́ ẹni tó bá gba ife mẹ́ta ní síísìn kan, kíá ni wọ́n á gbé e gòkè sí PGA Tour. Scottie Scheffler, gbajúmọ̀ agbá-gọ́ọ̀fù ọmọ Amẹ́ríkà, náà tibẹ̀ wá, ife méjì ló gbà ní 2019.

Ẹ máa fi èsì ránṣẹ́ síbí, pàápàá ti ipò 15 sí 25, ibẹ̀ nìjà wà.