Láínìn Kóòtù àti Aṣọ Agboòrùn

Zaragoza, Spéìn.
Ọjọ́ 9, Oṣù Kejì.

Àǹtí mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ilé o, ẹ kú iṣẹ́ ojú ẹ̀rọ. Ṣé àwọn ọmọ wà dáadáa? Ṣé ara Màmá le? Ọyẹ́ á ti máa palẹ̀ mọ́ lọ́dọ̀ yín ní Iléṣà báyìí, àmọ́ níbí, òtútù ṣì ń ge etí ni. Mo gbọ́ ohùn tí ẹ fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp nípa ọ̀nà jíjìn tí mo fẹ́ fẹsẹ̀ rìn, mo sì gbọ́ ti Màmá lẹ́yìn yín, tí wọ́n ń pariwo pé, "Ṣé kò sí mọ́tò níbẹ̀ ni?" Mọ́tò wà. Rélùwéè náà wà. Ẹsẹ̀ ló wù mí kí n fi rìn ín. Ọ̀rọ̀ náà sì gùn ju ohun tí mo lè sọ sórí fóònù lọ, ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó kọ lẹ́tà. Iṣẹ́ kan tún wà níbẹ̀ tí mo fẹ́ bẹ̀ yín, ẹ̀rọ ìránṣọ yín ló kàn.

Camino ni wọ́n ń pe ọ̀nà náà. Ìlú kékeré kan lẹ́sẹ̀ òkè ní ilẹ̀ Faransé, Saint-Jean-Pied-de-Port, ni mo ti máa gbéra. Ọ̀nà náà gba orí òkè Pyrenees wọ Spéìn, ó gba Pamplona, Logroño, Burgos àti León kọjá, títí dé Santiago de Compostela, níbi tí àwọn Kátólíìkì gbà pé wọ́n sin Jákọ́bù àpọ́sítélì sí. Ó tó nǹkan bíi kìlómítà 780. Ó ti lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún tí àwọn èèyàn ti ń fẹsẹ̀ rìn lọ síbẹ̀. Ẹ bá mi fi Màmá lọ́kàn balẹ̀ pé mi ò yí ìjọ padà o. Àwọn tí kò ní ìjọ rárá náà ń rìn ín. Ṣebí Màmá fúnra wọn ló máa ń sọ fún wa pé nígbà ìsọjí Babalọlá ní 1930, àwọn tó wá sí Òkè Ọ̀ọ̀yè láti ìlú òkèèrè kò dúró de mọ́tò.

Lẹ́yìn Àjíǹde ni mo fẹ́ gbéra, nígbà tí iṣẹ́ èso dídì bá dáwọ́ dúró tí ti ẹ̀ẹ̀rùn kò sì tíì bẹ̀rẹ̀. Ṣáájú ìgbà yẹn kò ṣeé ṣe, torí láti ọjọ́ 1 Oṣù Kọkànlá títí di ọjọ́ 31 Oṣù Kẹta ni wọ́n máa ń ti ọ̀nà orí òkè yẹn pa nítorí yìnyín. Ọ̀pọ̀ èèyàn ń lo bí oṣù kan tàbí kó lé díẹ̀ kí wọ́n tó dé Santiago.

Ẹrù wá ni wàhálà. Ohun tí gbogbo ẹni tó ti rìn ín ń tẹnu mọ́ ni pé kí ẹrù èèyàn má ju ìdá kan nínú mẹ́wàá ìwọ̀n ara rẹ̀ lọ. Kílò 70 ni mo wọ̀n, nítorí náà kílò 7 ni gbogbo ẹrù mi, tomi toúnjẹ. Lítà omi kan ṣoṣo ti jẹ́ kílò kan. Ká yọ omi àti oúnjẹ kúrò, bíi kílò 5 ló kù fún àpò, aṣọ, ohun ìsùn, ọṣẹ, fóònù, ohun gbogbo. Kílò 5! Ẹ ṣì rántí àpótí tí mo gbé kúrò nílé, tí wọ́n ní kílò 23 ni, tí àwa méjèèjì jókòó sílẹ̀ tí à ń yọ èlùbọ́ kúrò nínú rẹ̀ lóru.

Mo yá síkéèlì tí ẹni tí à ń jọ gbé fi ń wọn ìyẹ̀fun kéèkì. Mo gbé e sórí tábìlì ìdáná, mo ń gbé ẹrù lé e lọ́kọ̀ọ̀kan, mo ń kọ iye rẹ̀ sẹ́yìn kàlẹ́ńdà. Jíǹsì kan, gíráàmù 720. Táwẹ́ẹ̀lì tí mo fi ń wẹ̀, 540, kò sì tíì tutù o. Ìgò omi onírin tí wọ́n fi ta wá lọ́rẹ níbi iṣẹ́, 310. Mo wá gbé ìgò ọ̀rá kan tí mo ti mu omi inú rẹ̀ tán lé e: kò tó 30. Omi kan náà ni àwọn méjèèjì ń gbà. Mo gbé ti onírin padà sínú kọ́bọ́ọ̀dù, ẹrù mi sì ti fúyẹ́ láìjẹ́ pé mo ná kọ́bọ̀. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti yé mi. Ẹni tó lówó á ra èyí tó fúyẹ́ jù lọ́jà. Ẹni tí kò lówó á fi nǹkan sílẹ̀ nílé. Ẹrù àwọn méjèèjì á sì wọ̀n bákan náà lórí síkéèlì.

Bíbélì ńlá tí Màmá fún mi náà gun síkéèlì. Ẹ má sọ fún wọn. Ó lé ní kílò kan, nítorí náà ilé ló máa wà. Odindi Bíbélì Yorùbá wà nínú fóònù mi, mo sì ti da Sáàmù 121 kọ sínú ìwé péńpé kan fún ìgbà tí bátìrì bá kú.

Ẹ ò rí i, nǹkan yìí kì í ṣe àjèjì nílé wa. Ẹ rántí ohun tí Bàbá máa ń sọ nípa Bàbá àgbà nígbà tí wọ́n ń ṣe òṣómàáló. Aṣọ tí wọ́n fẹ́ tà ni wọ́n ń rù láti abúlé dé abúlé, òun ni wọ́n ń tọ́jú agbára ọrùn dè. Ohun tó jẹ́ tiwọn nínú ẹrù náà kò ju bùbá kan tí wọ́n á pààrọ̀, ìwé tí wọ́n ń kọ gbèsè sí, orógbó díẹ̀, àti òrí tí wọ́n fi ń pa ẹsẹ̀. Wọn kì í ru ìkòkò, wọn kì í ru ẹní. Ọ̀dọ̀ oníbàárà ni wọ́n ti ń jẹun, ẹni tó jẹ wọ́n lówó náà ló ń tẹ́ ẹní fún wọn. (Bóyá tinútinú ni àbí tipátipá, ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀.)

Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ọ̀nà yìí. Ilé ìsùn àwọn arìnrìn-àjò wà káàkiri ojú ọ̀nà, albergue ni wọ́n ń pè é. Ibùsùn alájà méjì ni wọ́n tò síbẹ̀, ogún èèyàn, ogójì èèyàn nínú yàrá kan, tí kálukú ń han-an-run. Èyí tí kò wọ́n nínú wọn kì í ju Yúrò 8 sí 15 lọ lálẹ́ kan. Àwọn kan kò tilẹ̀ dá iye lé e, àpótí ló wà lẹ́nu ọ̀nà, ohun tí apá rẹ bá ká ni kí o fi síbẹ̀. Ìwé kan wà tí wọ́n ń pè ní credencial tí wọ́n máa ń lu òǹtẹ̀ sí níbi gbogbo tí èèyàn bá sùn, òun la fi ń wọlé. Torí pé ibùsùn wà, mi ò ní ru àgọ́. Torí pé mátíráàsì wà, mi ò ní ru ẹní. Kí ẹni tó bá fẹ́ ra ohun tó fúyẹ́ kọ́kọ́ bi ojú ọ̀nà rẹ̀ léèrè ohun tó ti gbé kalẹ̀ dè é.

Ní Amẹ́ríkà, ọ̀nà tiwọn kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Inú igbó ni, ó lé ní kìlómítà 3,000, Appalachian Trail ni wọ́n ń pè é, kálukú ló ń ru ibi tó máa sùn. Síbẹ̀, ìyá àgbà kan, Emma Gatewood, ẹni ọdún 67, ìyá ọmọ mọ́kànlá, dá rìn ín láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin ní 1955. Bàtà kánfáàsì ló wọ̀. Bùláńkẹ́ẹ̀tì kan ló ní, àti kọ́tìnì onírọ́bà tí wọ́n fi ń bo ibi ìwẹ̀, òun ló fi ń gba òjò. Àpò tó gbé kọ́ èjìká, òun fúnra rẹ̀ ló fi aṣọ jíǹsì rán an. Nígbà tí mo kà á, ẹ̀yin ni mo rántí.

Àwọn ọmọ tí à ń jọ ṣiṣẹ́ fẹ́ kí n ra sítóòfù. Ọ̀kan wà tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, wọ́n ń fi hàn mí bí ẹni fi góòlù hàn. Mo ní kí wọ́n gbé e lọ. Wọ́n ní Ìjẹ̀ṣà kò rídìí ìṣáná, ilé ni ọmọ Ọwá ti ń múná roko. Èmi ọmọ Ọwá yìí kò ní múná lọ rárá. Gàrí ni mo ń gbé. Gàrí kò bi èèyàn ní iná. Ọjọ́ Àìkú ni àwọn ṣọ́ọ̀bù abúlé máa ń tì, ọjọ́ yẹn gan-an ni màá da omi sí i nínú ife onírọ́bà mi, kí n fi ẹ̀pà lé e lórí. Ọjọ́ tó kù, búrẹ́dì, wàràkàṣì àti tòmátì wà káàkiri. Nírọ̀lẹ́, àwọn ilé oúnjẹ kan máa ń se oúnjẹ ẹ̀dínwó fún àwọn tó ń rìn, ọbẹ̀ olómi, ẹran, búrẹ́dì, àti wáìnì. Tí ẹ bá ń ka lẹ́tà yìí sétí Màmá, ẹ fo wáìnì.

Ohun kan tí mi ò ṣahun sí ni bàtà. Mi ò ra bàtà aláwọ ńlá tí wọ́n fi ń gun òkè. Ó wúwo, tó bá sì mu omi, ó di ọjọ́ kejì kó tó gbẹ. Kánfáàsì asáré ni mo rà, tí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ ń di ilẹ̀ mú, ó sì fi díẹ̀ tóbi ju nọ́ńbà mi lọ, torí ẹsẹ̀ máa ń wú bí èèyàn bá rìn pẹ́. Mo ti ń wọ̀ ọ́ lọ síbi iṣẹ́ kí ó lè mọ ẹsẹ̀ mi kí ọjọ́ tó pé. Ìbọ̀sẹ̀ onírun àgùntàn méjì, ọ̀kan lẹ́sẹ̀, ọ̀kan lórí okùn aṣọ. Aṣọ náà bẹ́ẹ̀, ọ̀kan lára, ọ̀kan lọ́ṣẹ. Iléròrò ló máa ń dá ọ̀pọ̀ èèyàn padà sílé, kì í ṣe òkè, ìdí nìyẹn tí mo fi máa bẹ̀ yín ní òrí.

Àpò tí mo máa gbé kọ́ ẹ̀yìn, mi ò tíì rà á. Ìgbẹ̀yìn ni wọ́n máa ń ra ìyẹn, lẹ́yìn tí ẹrù bá ti pé nílẹ̀. Ẹni tó bá kọ́kọ́ ra àpò ńlá, á wá nǹkan kún un dandan. Lẹ́yìn oṣù yìí, màá kó gbogbo ẹrù mi lọ sí Decathlon, ṣọ́ọ̀bù ohun eré ìdárayá, kí n kó wọn sínú èyí tí kò wọ́n tí kò sì ju kílò kan lọ, kí n gbé e rìn yí ká inú ṣọ́ọ̀bù wọn.

Ó wá ku tiyín. Ohun àkọ́kọ́ ni àpò tí mo máa wọnú rẹ̀ sùn, tí á wà láàárín èmi àti mátíráàsì wọn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi aṣọ òwú rán an, ẹ má sì fi àǹkárá tó ṣẹ́ kù nílẹ̀ rán an, mo mọ̀ yín. Láínìn ni kí ẹ lò, èyí tí ẹ máa ń fi sínú kóòtù àwọn ọkọ ìyàwó. Ó fẹ́lẹ́, kì í gba omi sára, tí mo bá fọ̀ ọ́ lálẹ́ á ti gbẹ kó tó di àárọ̀. Kó jẹ́ funfun, torí ìdun máa ń wà nínú àwọn ilé ìsùn wọ̀nyẹn, mo fẹ́ kí n máa rí i. Gígùn rẹ̀ ínṣì 84, fífẹ̀ rẹ̀ ínṣì 32, kí ẹ dí ìsàlẹ̀, kí ẹ fi òkè sílẹ̀, kí ẹ sì la ẹ̀gbẹ́ òsì wálẹ̀ ní ínṣì 20. Láínìn máa ń tú, nítorí náà kí ẹ ràn án lẹ́ẹ̀mejì, kí ẹ ká etí rẹ̀ mọ́ inú. Ẹ má fi síìpù sí i. Síìpù ní ìwọ̀n.

Ìkejì, mo fẹ́ àpò kéékèèké mẹ́ta, ọ̀kan fún aṣọ, ọ̀kan fún oúnjẹ, ọ̀kan fún ìwé àti ṣájà. Aṣọ agboòrùn ni mo rò pé ó dára jù, òjò kì í wọ̀ ọ́, kò sì wọ̀n tó nǹkan kan. Agboòrùn dúdú ti Bàbá ṣì wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn yàrá, èyí tí atẹ́gùn ti ká egungun rẹ̀. Tí Màmá bá gbà, ẹ tú u. Tí wọn ò bá gbà, ẹ má rọ̀ wọ́n, ẹ ra àlòkù kan ní ọjà Àtàkúmọ̀sà. Okùn ni kí ẹ fi sí ẹnu wọn.

Lẹ́yìn ìyẹn, òrí ògidì, kó kún agolo kékeré kan. Àti òkúta kan láti ẹ̀yìnkùlé wa, tí kò ju èkùrọ́ lọ. Ibì kan wà lórí òkè lẹ́yìn León, Cruz de Ferro, ó ga tó mítà 1,500. Àgbélébùú onírin wà lórí òpó gíga níbẹ̀, òkítì òkúta sì wà nídìí rẹ̀ tí àwọn arìnrìn-àjò ti kó jọ, kálukú mú tirẹ̀ wá láti ilé. Mo mọ̀ pé ẹ máa rẹ́rìn-ín, èmi tí mo gé ìdí búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín mi dànù torí gíráàmù mélòó kan.

Ọmọ ìyá alákàrà àdúgbò wa ń bọ̀ ní Madrid ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù tó ń bọ̀, ó ti gbà láti bá mi kó wọn dání nínú báàgì ọwọ́ rẹ̀. Àyè tó ní kò pọ̀, nítorí náà ẹ má jẹ́ kí Màmá fi èlùbọ́ kún un. Mo ti fi owó láínìn àti owó iṣẹ́ sínú àkáǹtì yín láàárọ̀ yìí. Ẹ má dá a padà bí ẹ ṣe ṣe nígbà ìjelòó, ẹ gbà á bí ẹ ṣe ń gbà á lọ́wọ́ oníbàárà. Tí láínìn funfun bá wọ́n, ẹ ra èyí tó bá pọ́n rẹ́súrẹ́sú, ṣùgbọ́n kí ó má jẹ́ dúdú.

Ẹ bá mi kí Màmá, ẹ bá mi kí ọkọ yín àti àwọn ọmọ.

Èmi ni àbúrò yín,
Fẹ́mi.