Ẹ yéé bẹ ọmọkùnrin tó ń wọn ọmọ yín ní páàkì

Ẹ̀yin olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi lẹ́tà yìí síbi táwọn èèyàn á ti rí i, pàápàá àwa òbí tá a wà l'Ábùjá níbí, torí ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí, tiwa ni, kì í ṣe ti ìjọba, ìjọba ti gbọ́ tiẹ̀ tó.

Ohun tí mo fẹ́ sọ ò ju pé ká yéé bẹ àwọn tó ń ṣiṣẹ́ nídìí ẹ̀rọ ìṣeré ní páàkì pé kí wọ́n jẹ́ kí ọmọ tí kò tíì ga tó gùn ún. Ó ti wá di àṣà. A máa ń ná ọ̀rọ̀ yẹn mọ́ wọn lọ́wọ́ bí ẹni ń ná tòmátì lọ́jà Wuse, tí wọn ò bá gbà, èébú ló kàn.

Lọ́jọ́ kejì Iléyá tó kọjá la tún padà sí páàkì kan tí àwọn ọmọ mi fẹ́ràn ju gbogbo ibi tó kù lọ l'Ábùjá yìí (mi ò ní dárúkọ ẹ̀, wọn ò fún mi lówó ìpolówó). Ó ti pẹ́ tá a débẹ̀ kẹ́yìn, kí Kòrónà tó dé ni, ìgbà tí Kòrónà sì máa fi lọ tán, wọ́n yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní 2023, gbogbo nǹkan gbówó lórí, a wá ń fi Millennium Park tan àwọn ọmọ jẹ. Millennium Park yẹn dáa o, èyí tí Ọbabìnrin Elizabeth wá ṣí ní 2003, koríko tútù, omi ń ṣàn gba àárín ẹ̀, àgbàlagbà lè tẹ́ ẹní síbẹ̀ kó sùn, ṣùgbọ́n ẹ sọ fún ọmọ tó ti gun rólà-kósítà (ọkọ̀ ìṣeré tó ń sáré gun òkè tó sì ń já wálẹ̀ lórí irin) lójú àlá pé kó wá wo koríko, ẹ máa rí ojú tó máa fi wò yín.

Àkọ́bí mi, Ayọ̀mídé, òun gan-an lọ̀rọ̀ yìí ká lára jù. Nígbà tá a lọ tẹ́lẹ̀, wọ́n wọ̀n ọ́n nídìí rólà-kósítà, kò tó, ó sunkún títí a fi dé Lugbe. Látìgbà náà ló ti ń fi báírò fa ìlà sára ògiri yàrá wọn, tó bá ti ṣe díẹ̀ á ní kí n wá wo bóun ṣe ga sí, ìyá ẹ̀ pariwo nítorí ọ̀dà ara ògiri títí ó fi sú u. Bá a ṣe wọlé lọ́tẹ̀ yìí, kò tiẹ̀ dúró tì wá, ó sáré lọ sídìí pátákó tí wọ́n fi ń wọn ọmọ, ó fẹ̀yìn tì í, orí ẹ̀ kọjá ìlà. Ẹ ò rí ẹ̀rín! Ó ní kí n ya fọ́tò ẹ̀, kí n ya ìlà náà mọ́ ọn, kí àbúrò ẹ̀ má bàa ní irọ́ ni.

Ìyá mi tó wá kí wa láti Òṣogbo bá wa lọ. Ibẹ̀ kún fọ́fọ́, ẹ mọ bó ṣe ń rí lásìkò Iléyá lọ́dọ̀ wa níbí, àwọn ọmọ Hausa nínú aṣọ tuntun, àwọn ọmọbìnrin kun làálì lọ́wọ́ lẹ́sẹ̀, àwọn tó ń ta súyà àti zóbò ò ráyè nu òógùn ojú. Màmá jókòó sábẹ́ igi, wọ́n ń wo ẹ̀rọ roboto ńlá tó ń gbé èèyàn yí lọ sókè, èyí tí àwọn ọmọ ń pè ní big wheel. Ni mo bá ń ṣe ọ̀mọ̀wé, mo ní ara Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ Ferris ló ṣe èyí tó kọ́kọ́ lókìkí, ní Chicago, ní 1893, pé ó ga tó mítà 80, pé yàrá 36 ló wà lára ẹ̀ tí yàrá kọ̀ọ̀kan sì ń gba nǹkan bí èèyàn 60. Màmá wò mí, wọ́n ní, "Kí ni gbogbo wọn ń wá lọ sókè?" Mi ò rí èsì fọ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an rèé. Èmi àti Ayọ̀mídé tò sórí ìlà àwọn tó fẹ́ gun rólà-kósítà, obìnrin kan wà níwájú wa pẹ̀lú ọmọ ẹ̀ ọkùnrin, Yorùbá ni wọ́n. Ọmọkùnrin tó dúró nídìí géètì kéré lọ́jọ́ orí, bóyá ló ju ogún ọdún lọ. Ó ní kí ọmọ náà dúró ti pátákó, ó tẹ́ ọwọ́ lé e lórí, ọwọ́ náà lọ kan pátákó nísàlẹ̀ ìlà, ó ku bí ìka mẹ́ta. Ó ní, "Madam, no vex, e never reach." Ìyá ọmọ ní irọ́ ni, ọmọ òun ti pé ọdún mẹ́jọ, kó tún un wọ̀n. Wọ́n tún un wọ̀n, mo sì rí i tí ọmọ náà rọra ń gbé gìgísẹ̀ sókè, ìyá ẹ̀ ló ṣẹ́jú sí i. Ọmọkùnrin yẹn ò bínú o. Ó bẹ̀rẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì mú ẹsẹ̀ ọmọ náà mọ́lẹ̀ jẹ́jẹ́, ó gbójú sókè, ó ní "e never reach." Ni ìyá ọmọ bá kiwọ́ bọ báàgì, ó ká ẹgbẹ̀rún kan náírà sí ọmọkùnrin náà lọ́wọ́, ọmọkùnrin náà dá a padà fún un. Ariwo bá ta. Àwọn tó wà lẹ́yìn wa ń pariwo pé kó jẹ́ kí ọmọ gùn ún jàre, ẹnì kan ní ṣé ìwọ lo bí i ni, ẹlòmíì ní agbára táṣẹ́rẹ́ tí wọ́n fún un ló ń gùn ún yẹn. Kò dá ẹnì kankan lóhùn. Ó kàn di géètì mú, òógùn bò ó, títí obìnrin yẹn fi fa ọmọ ẹ̀ kúrò lórí ìlà.

Ẹ gbọ́, gíga tí wọ́n ń wọ̀n yẹn, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọjọ́ orí, kì í sì í ṣe pé wọ́n fẹ́ mọ ẹni tó láyà. Irin tí wọ́n ń fà wálẹ̀ lé èèyàn nítan, ara tó tó ìwọ̀n kan ni wọ́n ṣe é fún. Tí ẹ̀rọ yẹn bá gun òkè tán tó wá já wálẹ̀ lójijì, àga ti ń lọ nísàlẹ̀ nígbà tí ara ṣì fẹ́ máa lọ sókè, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti gùn ún rí mọ bí inú èèyàn ṣe máa ń ṣófo lásìkò yẹn, ìdí ló ń fẹ́ kúrò lórí àga. Àgbàlagbà tí irin fún mọ́ nítan, irin á dì í mú. Ọmọ kékeré ńkọ́? Itan ẹ̀ tín-ín-rín, àyè wà láàárín òun àti irin, ẹsẹ̀ ẹ̀ ò kanlẹ̀ débi tó máa fi rí nǹkan tẹ̀ mọ́, ó lè yọ́ gba abẹ́ irin jáde. Èyí tó tún wá burú ni tí ọmọ àti bàbá bá jọ jókòó tó jẹ́ irin kan ṣoṣo ló ń di àwọn méjèèjì mú, ibi tí itan bàbá bá ti dá irin dúró, ibẹ̀ náà ló máa dúró sí, ti ọmọ á wá la gbàgà sílẹ̀. Torí náà "màá dì í mú" táwa òbí máa ń sọ yẹn, ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni.

Kẹ́nikẹ́ni má sì sọ fún mi pé Nàìjíríà nìkan nirú ẹ̀ ti ń ṣẹlẹ̀. Ní oṣù Kẹta 2022, ní Orlando, Amẹ́ríkà níbẹ̀, ọmọ ọdún 14 kan bọ́ kúrò lórí àga ẹ̀rọ kan tó ga tó ẹsẹ̀ bàtà 430 tó máa ń já èèyàn wálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ọmọ náà kú. Tiẹ̀ kì í ṣe pé ó kéré, ara ẹ̀ ló tóbi ju ohun tí wọ́n ṣe àga yẹn fún. Àwọn tó wádìí ẹ̀ rí i pé wọ́n ti fọwọ́ yí nǹkan tó ń sọ bóyá irin àga ti dé dáadáa padà, tí iná fi tàn pé ó ti dáa nígbà tí kò tíì dáa, wọ́n sì gbé e lọ sókè. Ìlú tó ní ìmọ́lẹ̀ tó ní gbogbo nǹkan nìyẹn o.

Níhìn-ín náà mo ti rí páàkì kan rí, kì í ṣe èyí tí mò ń sọ, tí wọ́n fi okùn so bẹ́líìtì tó já, ẹni tó yẹ kó máa ṣọ́ ẹ̀rọ ń tẹ fóònù. A ò gun nǹkan kan níbẹ̀, a jáde. Ẹni tó bá ti rí irú ìyẹn, tó bá tún rí ọmọ tó dá owó padà tó ní kò tó, ó yẹ kó mọ ohun tó ń wò. Èmi lọ bá ọmọkùnrin yẹn lẹ́yìn tá a sọ̀ kalẹ̀, mo ní ó ṣeun, ó rò pé mo fẹ́ bú òun ni, ó ti kọ́kọ́ sún sẹ́yìn.

(Ayọ̀mídé gùn ún o, ẹ má rò pé mo gbàgbé. Ó pariwo títí ohùn ẹ̀ fi há, ó sọ̀ kalẹ̀, ó ní ká tún padà sórí ìlà. Èmi ní rárá, ikùn mi ṣì wà lókè níbẹ̀.)

Ṣùgbọ́n ká sọ tòótọ́, mi ò lè dá gbogbo ẹ̀bi lé ìyá yẹn lórí. Ó ti ra tíkẹ́ẹ̀tì. Ẹni tó ti sanwó ní géètì, tó tún sanwó ẹ̀rọ, tó dúró nínú oòrùn, ìgbà tó kan ọmọ ẹ̀ ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń sọ fún un pé kò tó, kò sí bí inú ò ṣe ní bí i, pẹ̀lú bí owó ṣe rí báyìí. Owó yẹn ló ń bẹ̀bẹ̀, kì í ṣe ọmọ. Torí náà ẹ̀yin tẹ́ ẹ ni páàkì, ìyẹn gbogbo yín, ẹ gbé irú pátákó kan náà sí ẹ̀gbẹ́ wíńdò tẹ́ ẹ ti ń ta tíkẹ́ẹ̀tì, kí wọ́n wọn ọmọ kí wọ́n tó gbowó, kẹ́ ẹ ya àwòrán ẹ̀rọ tí ọmọ tó bá ga dé ibẹ̀ lè gùn sí ẹ̀gbẹ́ ìlà kọ̀ọ̀kan, ẹni tí kò mọ̀wé náà á rí i. Tí tíkẹ́ẹ̀tì bá sì ti jáde ná tí ọmọ ò tó, ẹ dá owó padà tàbí kẹ́ ẹ fi pààrọ̀ ti mẹ́rí-gò-ráǹdì, èyí tó kàn ń yí po nílẹ̀, fún un. Kẹ́ ẹ sì fi ọ̀gá kan tó dàgbà sítòsí àwọn ọmọ tó ń ṣọ́ géètì lásìkò ọdún, torí ọmọ ogún ọdún kan ò lè dá dojú kọ àwa òbí tínú ń bí.

Èmi ni tiyín,
Bàbá Ayọ̀mídé,
Lugbe, Ábùjá.