Ẹ yéé dá bóòtù àtijọ́ padà sórí ẹ́ńjìnnì tẹ́ ẹ ti yí pọ́ńpù ẹ̀ sókè

Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi lẹ́tà yìí síbi táwọn onímọ́tò akẹ́rù àtàwọn mẹkáníìkì ti máa rí i, torí ọ̀rọ̀ náà ti ń dùn mí ọjọ́ pẹ́.

DAF 45 ni mo fi ń kó iṣu àti kajú láti Ògbómọ̀ṣọ́ níbí lọ sí Ìbàdàn àti Èkó, ẹ́ńjìnnì Cummins 5.9 oní sílíńdà mẹ́fà ló wà nínú ẹ̀. Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń ṣe pọ́ńpù, wọ́n yí i sókè kó lè máa da dísẹ́ẹ̀lì sí i, wọ́n tún tọ́bò ẹ̀ ṣe kó máa fẹ́ atẹ́gùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, mọ́tò wá ń gun òkè bí ẹni tí ò ru nǹkan kan.

Kò pé oṣù mẹ́ta, a ò tíì dé Òdò Ọbà lálẹ́ ọjọ́ kan, ọwọ́ géèjì ooru ti gun òkè. Mo páàkì. Nígbà tó tutù délẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo ṣí ìdérí redíétọ̀, mo ní kí ọmọ ẹ̀yìn ọkọ̀ sitáátì ẹ̀, omi bẹ̀rẹ̀ sí í ru kùbẹ̀kùbẹ̀ bí ìgbà tí ẹ̀kọ bá ń hó, bẹ́ẹ̀ omi ọ̀hún tutù nini. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ á ti mọ̀ pé agbára inú sílíńdà ti ń ti orí ẹ́ńjìnnì sókè, atẹ́gùn iná ń gba ẹ̀gbẹ́ gásíkẹ́ẹ̀tì, ìyẹn abala pẹlẹbẹ tó ń dí àárín orí ẹ́ńjìnnì àti búlọ́ọ̀kù tó wà nísàlẹ̀ ẹ̀, bọ́ sínú omi.

Mẹkáníìkì tí mo gbé e fún, mi ò ní dárúkọ ẹ̀, ó pààrọ̀ gásíkẹ́ẹ̀tì lóòótọ́ ṣùgbọ́n bóòtù àtijọ́ tó ń de orí ẹ́ńjìnnì náà ló kó padà, gbogbo mẹ́rẹ̀ẹ̀rìndínlọ́gbọ̀n, kò wọn ìkankan wò, ó ki páìpù bọ ìdí sípánà, ó ń fà á bí ọwọ́ ẹ̀ bá ṣe gbé e. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, gásíkẹ́ẹ̀tì tún bẹ́. Mẹkáníìkì tún un ṣe bákan náà, ó tún bẹ́. Iṣu tó jẹrà sójú ọ̀nà nìkan, owó ẹ̀ ń kọ́?

Bóòtù orí ẹ́ńjìnnì, bíi rọ́bà ló ṣe ń ṣiṣẹ́. Tẹ́ ẹ bá ń táìtì ẹ̀ ńṣe ló ń nà díẹ̀, bó ṣe fẹ́ sún kì padà yẹn ló fi ń di orí mọ́ búlọ́ọ̀kù, tó bá wá nà kọjá ààyè, ó ti dẹ̀ nìyẹn bíi rọ́bà ìdí ṣòkòtò. Ìwé àwọn Cummins sọ pé kí wọ́n wọn gígùn bóòtù kọ̀ọ̀kan kí wọ́n tó dá a padà, èyí tó bá ti gùn jù kí wọ́n sọ ọ́ nù. Ti ẹ́ńjìnnì Ford Powerstroke 6.0, ti ọdún 2003 sí 2007, tiẹ̀ tún le jùyẹn, ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n ń lo bóòtù ẹ̀, mẹ́rin péré ló dẹ̀ yí sílíńdà kọ̀ọ̀kan ká, ìdí nìyẹn táwọn tó ń fi kún agbára ẹ̀ ní Amẹ́ríkà fi máa ń yọ bóòtù yẹn kúrò tí wọ́n á fi sítọ́ọ̀dù sí i, ìyẹn irin gbọọrọ tí wọ́n máa ń wé sínú búlọ́ọ̀kù, tí wọ́n á wá fi nọ́ọ̀tì de orí ẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi tó wà lọ́hùn-ún ló bá mi fi sítọ́ọ̀dù tí ilé iṣẹ́ ARP ṣe ránṣẹ́. Bàbá mẹkáníìkì kan ní Tákìé ló fi í sí i, mo dẹ̀ jókòó tì í látàárọ̀ dalẹ́. Ó gbé rúlà irin lé ojú búlọ́ọ̀kù, ó ń ki fílà géèjì, irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n fi ń wọn àlàfo, sábẹ́ ẹ̀ bóyá ó tẹ́jú, ó ní kí wọ́n lọ fi ẹ̀rọ fá ojú orí ẹ́ńjìnnì. Ó fọ gbogbo ihò bóòtù, ó fi atẹ́gùn fẹ́ ẹ gbẹ, torí tí omi tàbí ọ́ìlì bá kù nísàlẹ̀ ihò, ẹ ó rò pé ó ti le, kò tíì le rárá, ó tiẹ̀ lè la búlọ́ọ̀kù. Ọwọ́ lásán ló fi wé sítọ́ọ̀dù wọlé. Ó fi gíríìsì tó bá a wá pa ẹnu ẹ̀ àti abẹ́ nọ́ọ̀tì, ó wá mú tọ́ọ̀kì rẹ́ńṣì, sípánà tó ń wọn bí wọ́n ṣe táìtì nǹkan tó, ó ń ti àárín bọ̀ síta, ẹ̀ẹ̀mẹta ló yí gbogbo ẹ̀ ká kó tó pé iye tí wọ́n kọ. Bóòtù, tẹ́ ẹ bá ń yí i, gbogbo ara ẹ̀ ló ń lọ́ bí aṣọ tí wọ́n ń fún, ó tún ń ha ihò búlọ́ọ̀kù. Sítọ́ọ̀dù ní tiẹ̀ dúró jẹ́ẹ́, nọ́ọ̀tì orí ẹ̀ ló ń yí. Òjò ọdún kejì rèé, mi ò tíì bu omi kún redíétọ̀ lójú ọ̀nà.

Mi ò sọ pé dandan ni kí gbogbo èèyàn ra sítọ́ọ̀dù o, ó wọ́n. Mọ́tò tí wọn ò yí pọ́ńpù ẹ̀, bóòtù tuntun tó jẹ́ ojúlówó ti tó o. Àwọn tó ń fi irin rọ́ọ̀dù gbẹ́ bóòtù orí ẹ́ńjìnnì fáwọn èèyàn ló ń bí mi nínú jù, nọ́ńbà 8.8, 10.9, 12.9 tẹ́ ẹ ń rí lórí bóòtù, agbára irin ẹ̀ ni wọ́n fi ń sọ, kì í ṣe ọ̀ṣọ́.

Mo wá ń bẹ ẹgbẹ́ mẹkáníìkì Ògbómọ̀ṣọ́ àti ti Ọ̀yọ́, ẹ jẹ́ kẹ́gbẹ́ dá owó ra tọ́ọ̀kì rẹ́ńṣì tí ọmọ ẹgbẹ́ á máa yá lò nígbàkigbà tó bá fẹ́ de orí ẹ́ńjìnnì. Tẹ́ ẹ bá ti bẹ̀rẹ̀, ẹ gba owó tèmi kọ́kọ́.

Awakọ̀ akẹ́rù kan,
Tákìé, Ògbómọ̀ṣọ́.