Ẹ má torí kọ̀ǹpútà gbé òṣùwọ̀n sọnù

Ẹ̀yin Olóòtú wa,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ilé ìwé kan níbí l'Ọ́ffà tí mo ti kọ́ àwọn ọmọ ní físíìsì rí, wọ́n kó àwọn òṣùwọ̀n inú làábù, èyí tó ní àwo méjì, síta sábẹ́ igi máńgòrò, wọ́n ní kọ̀ǹpútà làwọn fẹ́ kó síbẹ̀. Kọ̀ǹpútà dáa, èmi náà ń lò ó, àmọ́ nígbà tí mo bi tíṣà tó ń bójú tó iṣẹ́ ọ̀hún léèrè, ó ní "Bàbá, kò sóhun tí kọ̀ǹpútà ò lè ṣírò mọ́." Ó dùn mí gan-an, torí kì í ṣe òótọ́.

Ẹ lọ síbi tí wọ́n ti ń mọ ìkòkò ní Dada, n'Ílọrin, kẹ́ ẹ wo ìyá tó fẹ́ ra ìkòkò. Á gbé e sókè, á fi eegun ìka gbá a lẹ́gbẹ̀ẹ́, á dẹtí. Tó bá dún gooro, ó ń rà á nìyẹn, tó bá dún pòkò, á gbé e sílẹ̀, torí ó ti sán níbi tójú ò tó. Ìkòkò yẹn fúnra ẹ̀ ló bi léèrè, kò ṣírò nǹkan kan.

Alan Turing, onímọ̀ ìṣirò ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní 1936 ló fọkàn ro ẹ̀rọ kan tí kò sí irin nínú ẹ̀, ìwé gbọọrọ tí kò lópin àti òfin tó ń tẹ̀ lé, ó parí. Ohun tí ẹ̀rọ yẹn ò bá lè ṣírò, kọ̀ǹpútà kankan ò lè ṣírò ẹ̀. Òun fúnra ẹ̀ ló sì fi hàn pé àwọn nọ́ńbà kan wà tí ẹ̀rọ náà ò lè kọ jáde láé, kódà kí wọ́n fún un ní gbogbo ọjọ́ ayé. Nígbà tó di 1939 ó ní ká ní ẹ̀rọ náà lè dúró díẹ̀, kó lọ béèrè ọ̀rọ̀ bí ẹni lọ sọ́dọ̀ aláwo, kó gba èsì, kó sì máa ṣírò lọ ńkọ́? Kò sọ irú ẹni tí aláwo ọ̀hún jẹ́, ó kàn ní kò lè jẹ́ ẹ̀rọ ni.

Àwọn onímọ̀ mẹ́ta, Edwin Beggs àti John Tucker ní Swansea, nílẹ̀ Wales, pẹ̀lú José Félix Costa ní Lisbon, nílẹ̀ Potogí, ló wá ní ẹ jẹ́ ká fi ohun tí wọ́n ń ṣe nínú làábù ṣe aláwo náà. Òṣùwọ̀n wà lára ohun tí wọ́n lò! Òkúta tí kò tó kílò kan, tá ò mọ ìwọ̀n ẹ̀, wà nínú àwo kan, ẹ̀rọ ní kẹ́ ẹ fi ààbọ̀ kílò sí èkejì, tí òkúta bá ṣì wúwo jù ẹ fi ìdá mẹ́rin kílò kún un, tí kò bá wúwo tó ẹ yọ ààbọ̀ kílò yẹn, kẹ́ ẹ fi ìdá mẹ́rin rọ́pò ẹ̀, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ, ìbéèrè kọ̀ọ̀kan ń gé ohun tá ò mọ̀ sí méjì. Tí ìwọ̀n òkúta yẹn bá wá jẹ́ irú nọ́ńbà tí Turing ní kò ṣeé ṣírò, òṣùwọ̀n á máa fún ẹ̀rọ ní ohun tí kò lè dá rí láéláé.

Àmọ́ kì í yá o, ibi tó sì dùn mọ́ mi jù nìyẹn. Bí ìwọ̀n méjèèjì bá ṣe ń sún mọ́ra ni àwo ń pẹ́ kó tó mira. Tí ìyàtọ̀ àárín wọn bá dín sí ìdá kan nínú mẹ́rin, ìyẹn lẹ́yìn ìbéèrè méjì, àkókò á di ìlọ́po méjì. Tí ìbéèrè àkọ́kọ́ bá gba ìṣẹ́jú àáyá kan, tí nǹkan kan ò sì fa òṣùwọ̀n sẹ́yìn, ìkọkànlélógún á gba nǹkan bí ìṣẹ́jú 17, ìkọkànlélógójì á gbà tó ọjọ́ 12. Nọ́ńbà díẹ̀ lẹ máa rí gbà láàárín àkókò tó mọ níwọ̀n, ṣùgbọ́n díẹ̀ yẹn tó láti jẹ́ kí ẹ̀rọ ṣe ohun tí kò lè dá ṣe. Lóòótọ́ atẹ́gùn ń fẹ́, eruku ń bà lé àwo, òṣùwọ̀n tiwa ò lè débẹ̀ yẹn, àmọ́ ọmọ tí kò fojú rí àwo tó ń lọ́ra báwo ló ṣe fẹ́ lóye ẹ̀?

Mo gbé ọ̀kan wálé lábẹ́ igi náà, mo ti fi kẹrosíìnì nu ìpẹtà ẹ̀, ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi bẹ àwọn aláṣẹ ilé ìwé náà kí wọ́n wá gbà á padà kí òjò tó ba àwọn tó kù jẹ́, orí tábìlì kan ṣoṣo lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ǹpútà yẹn ti tó o.

Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì,
Ọ̀ffà, Ìpínlẹ̀ Kwara